Orí Ẹja Tí Mo Jà Sí Lẹ́ẹ̀mejì Lójú Omi Galveston

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún ọkọ̀ ìpẹja yìí. Ìkarùn-ún tí mo fi pamọ́, orí ẹja ló fà á, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Ìyá mi ta ẹja lọ́jà Olúwo títí ẹsẹ̀ fi ń dùn ún, nítorí náà mo gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi nípa ẹja. Bàbá Wálíù ló rí ọkọ̀ náà lórí fóònù: ọkọ̀ ńlá tó ń kó èrò jáde láti Galveston, ìlú etíkun kan ní Texas, lọ sí agbami, kí kálukú lọ ju ìwọ̀ tirẹ̀. Mo ní kí la fẹ́ wá lọ síbẹ̀ nígbà tí ẹja kún ṣọ́ọ̀bù òpópónà Bissonnet ní Houston nítòsí ilé. Ó ní, “Ìyá Wálíù, ọmọ yìí ti pé ọdún mẹ́rìnlá, kò tíì rí ẹja tó ń mí rí àfi lórí tẹlifíṣọ̀n.” Mi ò rí èsì fún ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹfà la lọ. Ọjọ́ kìíní oṣù náà ni ìjọba àpapọ̀ máa ń ṣí pípa red snapper fún ọkọ̀ tó ń gba owó èrò, ẹja pupa yẹn gan-an la sì torí ẹ̀ lọ. A ra láísẹ́ńsì ọlọ́jọ́ kan, dọ́là 11 fún mi, dọ́là 11 fún ọkọ mi. Wálíù kò ra, torí ní Texas ẹni tí kò tíì pé 17 kì í ra láísẹ́ńsì, àmọ́ ìpín ẹja tirẹ̀ kò dín sí ti àgbà.

Ọkọ̀ náà mọ́, tọ́yíléètì rẹ̀ kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbé kúlà wọlé. Nọ́ńbà ni wọ́n fún wa, ẹja tí o bá mú, wọ́n á so nọ́ńbà rẹ mọ́ ọn, wọ́n á jù ú sínú yìnyín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kó wa jọ, ó ka òfin sílẹ̀ bí ọmọ ilé kéwú ṣe ń ka Fàtíhà. Omi Texas gba máìlì ojú òkun mẹ́sàn-án láti etíkun, ẹja mẹ́rin lẹ́nì kan lè mú níbẹ̀, kí ó ti tó íǹṣì 15. Ibi tí à ń lọ kọjá ìyẹn, omi ìjọba àpapọ̀ ni: ẹja méjì lẹ́nì kan, íǹṣì 16. Ìwọ̀ rìbìtì ni wọ́n fún wa, irú èyí tó máa ń kọ́ ẹja létí ẹnu, tí kì í sábà wọ ikùn rẹ̀.

Ẹja kejì tí Wálíù mú ló kọ́kọ́ bí mi nínú. A tẹ́ ẹ sórí ìdíwọ̀n, a pa ẹnu rẹ̀ dé, a fún ìrù rẹ̀ pọ̀, kò tó 16. Ó fi bí ìdá mẹ́rin íǹṣì kan dín. Àpò ikùn rẹ̀ ti yọ sí ẹnu nítorí ibi jíjìn tí a ti fà á wá, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti wú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi irin kan há a lẹ́nu, ó so òjé mọ́ ọn, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ padà sí ìsàlẹ̀ kí ó má baà léfòó kú. Mo ń wò ó bí ọbẹ̀ mi ṣe ń lọ. Ọkọ mi ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ọ̀kan tí òun fúnra rẹ̀ mú nígbà tó ń fi bí a ṣe ń ṣe é hàn wá dí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun àti ọ̀gá ọkọ̀ kò ní ìpín kankan nínú red snapper, òfo ni tiwọn. Ó dá tirẹ̀ náà padà sómi. Níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún un. Kí a tó yí orí ọkọ̀ padà, Wálíù mú òmíràn tó gùn dáadáa, mẹ́fà wa pé.

Bí a ṣe ń bọ̀, mo bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin náà kí ó gé orí ẹja wa, kí ó gé ìyókù wẹ́wẹ́, kí n lè tètè délé. Ó ní rárá. Ó lè yọ ìfun, ó lè yọ ìjàgbá, ó lè ha ìpẹ́, àmọ́ orí àti lẹbẹ kò gbọdọ̀ kúrò lára ẹja kí a tó dé èbúté. Mo ní ọ̀lẹ ni. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, ọpẹ́lọpẹ́ ìyẹn. Ó ṣàlàyé pé bí a bá ti gé e, kò sí ẹni tó lè mọ irú ẹja tó jẹ́ tàbí bó ṣe gùn tó. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Lọ́jà Olúwo náà, ẹni tó bá gé orí ẹja kó tó pàtẹ, a máa ń bi í pé kí ló ń fi pamọ́.

Àṣé ìjà kejì ń bọ̀. A gúnlẹ̀, wọ́n kó ẹja lọ sórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé e. Kí n tó dá owó sílẹ̀ tán, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ti ya ẹran ẹ̀gbẹ́ ẹja méjì, ó sì ju orí wọn sí àwọn ẹyẹ òfú ńláńlá tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Orí! Ariwo tí mo pa, gbogbo èbúté yíjú sí mi. Mo ní kí ó fi orí mẹ́rin tó kù sílẹ̀, kí ó sì gé ìyókù lóbu-lóbu pẹ̀lú egungun. Ó ní òun kò rí oníbàárà bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó mú mi yọ ìràwọ̀ kan nìyí: kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹja ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n sì fi ìwọ̀n yẹn gbowó gígé ẹja, tó fi jẹ́ pé mo sanwó orí tí ẹyẹ jẹ. Ojú òpó wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí a mú ìpara oòrùn dání.

Bàbá àgbàlagbà kan, ará Vietnam, tó dúró tì mí lójú omi látàárọ̀ ló wá fún mi ní ẹja méjì tirẹ̀, ó ní ìyàwó òun ti sú ẹja. Mo ti ń dúpẹ́ nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin ọkọ̀ náà sáré dé pẹ̀lú bébà. Ó ní ẹni tó bá fún èèyàn ní ẹja tí òfin fi gbèdéke sí iye rẹ̀ ní Texas máa ń kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní Wildlife Resource Document: orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì, nọ́ńbà láísẹ́ńsì, ìbuwọ́lù, orúkọ ẹni tó gbà á, irú ẹja àti iye rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tí ó ti mú un. Bébà lásán náà tó. Mo rò pé eré ni títí a fi dé ibi tí a gbé mọ́tò sí, tí game warden kan, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ òfin ẹja àti ẹran ìgbẹ́, ní kí a ṣí kúlà. Èèyàn mẹ́ta, ẹja mẹ́jọ. Ó wo ìwé bàbá náà, ó wo láísẹ́ńsì wa, ó béèrè ọjọ́ orí Wálíù, ó ní kí a máa lọ. Láìsí bébà yẹn, n kò mọ ẹnu tí mo máa fi ṣàlàyé méjì tó lé.

Kí a tó délé ni ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ti pè mí pé kí n ta díẹ̀ fún òun. Kò ṣeé ṣe, ìyá mi. Ẹja tí a fi láísẹ́ńsì eré mú, a kì í tà á. Mo fi orí kan ránṣẹ́ sí wọn, pẹ̀lú bébà tèmi.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ pè wọ́n bi iye owó gígé ẹja kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì mú bírò tiyín dání. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ náà, omi òkun ti bà á jẹ́.