Sítíkà WhatsApp: Àgbéyẹ̀wò Láti Ọwọ́ Ẹni Tó Ń Fi Àwàdà Jẹun

Àwàdà kíkọ niṣẹ́ mi. Èmi ni mo máa ń jókòó kọ ohun tí àwọn tó ń ṣe skit máa sọ kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Torí náà, ẹ mọ̀ pé orogún ló ń ṣàgbéyẹ̀wò orogún níbí. Mo lè fi odindi ìrọ̀lẹ́ tún gbólóhùn kan ṣe, kí n jù ú sí gúrúùpù ẹgbẹ́ wa, kó kú síbẹ̀ fin-ín-fin-ín. Ẹlòmíì á fi ojú Pawpaw, òṣèré Nollywood, kan ránṣẹ́, gúrúùpù á dàrú. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, láti ìgbà tí sítíkà, àwòrán kékeré tí à ń fi ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀, ti dé lóṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni mo ti ń lò ó, mo sì gbà pé nínú gbogbo ohun tí WhatsApp ti gbé jáde, òun ló bá ìwà wa mu jù.

Èyí tó wà nínú rẹ̀ látilẹ̀ kọ́ ni mò ń sọ o. Ìyẹn ni ife kọfí kan tó ní ojú àti ẹnu, Cuppy lorúkọ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọmọ Otedola tó ń ṣe DJ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe kedere pé ẹni tó ya ife yẹn kò fi tiwa ṣe nígbà tó ń sọ ọ́ lórúkọ. Ife náà mọ́ tónítóní, ó ń sunkún, ó ń fò sókè. Ṣùgbọ́n ife tí kò jẹ gbèsè rí, tí ìyá rẹ̀ kò sì fi ojú bá a wí rí, kí ló fẹ́ bá mi sọ?

Àwa fúnra wa la tún ọjà náà ṣe. Àwọn èèyàn kó sórí fíìmù Yorùbá, wọ́n ń gé ojú kúrò níbẹ̀: Baba Suwe tó lanu sílẹ̀, Sisi Quadri tó ń yọ ṣùtì, Mama G tó ń wo èèyàn láti òkè délẹ̀. Mama G kì í ṣe Yorùbá, àmọ́ ojú yẹn kò nílò ògbufọ̀. Bí a bá mú ọmọdé lọ kí èèyàn, tí onílé ní kó wá jẹun, ojú ni ìyá fi ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀: bí o bá fọwọ́ kan abọ́ yẹn, a ó padà délé. Ojú yẹn gan-an la wá rí fi ránṣẹ́ báyìí. Emoji kò lè ṣe é láéláé, torí kò sí ìyá ẹnikẹ́ni tó yẹ́lò bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wù mí jù gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ọwọ́ ni bí wọ́n ṣe há a. Òfin WhatsApp fún àwọn tó ń ṣe sítíkà ni pé fáìlì èyí tí kì í mira kò gbọdọ̀ wúwo ju 100KB lọ, kó sì jẹ́ píksẹ́lì 512 lóròó àti níbùú. Kò sí àyè àlàyé níbẹ̀. Èmi mọ àwọn tó ń kọ àwàdà tí ẹ bá fún ní ojú ìwé mẹ́wàá, wọn ò ní tíì dé ibi ẹ̀rín. Ní 2020, èyí tó ń mira dé, wọ́n sì fún un ní 500KB. Kò dùn tó ti àkọ́kọ́ létí mi, bẹ́ẹ̀ ni, létí mi, torí mo máa ń gbọ́ ohùn sítíkà. Ojú tó dúró gbagidi tó ń wò ọ́ ló ń pani lẹ́rìn-ín. Bó bá ti ń mi orí, ó ti ń ṣàlàyé nìyẹn.

Ṣíṣe é fúnra ẹni tilẹ̀ le nígbà kan. Áàpù mìíràn lèèyàn máa wá, èyí tí mo kọ́kọ́ lò sì máa ń fi ìpolówó tẹ́tẹ́ hàn mí kí n tó gé etí kan, ó tún fẹ́ kí n fi ìka yí gbogbo gèlè po. Láti oṣù Kìn-ín-ní 2024 ni iPhone ti ń gé e nínú WhatsApp gan-an, Android náà tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe é? Jíjí là ń jí i. Ẹni tó bá fi èyí tó dáa ránṣẹ́, àwọn bíi mélòó kan á kọ “mo ti jí i o” sábẹ́ rẹ̀, ẹni tí wọ́n jà lólè á sì tún máa dúpẹ́.

Ibi tó ti ń lọ́jú pọ̀ ni ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Ẹ fi sítíkà dá ọ̀rọ̀ gígùn ẹ̀gbọ́n bàbá yín lóhùn, kẹ́ ẹ wò bóyá fóònù ò ní dún: “Ṣé èmi lò ń yínmú sí?” Àwọn náà ti wá ń jí sítíkà báyìí. Bí wọ́n bá ti kéde ìsọmọlórúkọ ní gúrúùpù ẹbí wa, Sisi Quadri tó ń yọ ṣùtì ni ìyá wa kan ní Abẹ́òkúta máa ń fi síbẹ̀. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní, “Ṣé o ò rí aṣọ tó wọ̀ ni?”

Baba Suwe ti lọ láti oṣù Kọkànlá 2021. Sisi Quadri náà kú ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta 2024. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan nínú gúrúùpù wa kọ “Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere”, ó wá fi sítíkà olóògbé náà tì í, ibi tó ti yí ètè pọ̀. Gbogbo wa dákẹ́ fún bí wákàtí kan. Ẹni tó wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà ní òun ti jí i. Títí dòní, bí mo bá bi ẹnì kan léèrè owó mi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, Sisi Quadri ló máa ń dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní gúrúùpù onílé àti ayálégbé, ẹ má gbé e débẹ̀. Ojú kan náà ni gbogbo èyí tẹ́ ẹ ti kó pa mọ́ jókòó sí, ìka sì ń yẹ̀. Níbòmíràn, ẹ fi ránṣẹ́ kẹ́ ẹ sì gbẹ́nu dákẹ́. Ẹni tó bá ń tẹ “hahaha” sábẹ́ sítíkà ara rẹ̀, mi ò lè bá a ṣiṣẹ́.