DEXA, CT àti Ìwọ̀n Ọwọ́: Èwo Ló Yẹ Kí Ilé Ìpẹran Rà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tí yóò máa sọ bí ẹran pupa, ọ̀rá àti eegun ṣe pọ̀ tó lára ẹran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, kó tó bi ẹnikẹ́ni ní iye owó, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ fi èsì rẹ̀ ṣe. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀: kí òṣìṣẹ́ máa fọwọ́ wọ̀n ọ́n, tàbí kó ra ọ̀kan nínú ẹ̀rọ X-ray méjì tí wọ́n ń pè ní DEXA àti CT.

Ìwọ̀n ọwọ́ ni kò náni lówó púpọ̀. Ní Ọsirélíà, ojú kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní GR ni wọ́n ń wọ̀n lára ọ̀dọ́ àgùntàn: orí eegun ìhà kejìlá, ní mìlímítà 110 sí àárín ẹ̀yìn. Bí ẹran àti ọ̀rá tó bo eegun náà bá nípọn tó mìlímítà 6 sí 10, ipò kejì nínú márùn-ún ni ẹran náà wà ní ti ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ojú kan kò lè jẹ́rìí fún odindi ara. Àgùntàn méjì tí GR wọn dọ́gba lè yàtọ̀ síra ní itan àti èjìká.

DEXA ń ta X-ray oníwọ̀n agbára méjì gba ara ẹran kọjá. Nítorí pé eegun, ẹran àti ọ̀rá kì í dí agbára méjèèjì lọ́wọ́ bákan náà, kọ̀ǹpútà á fi èkínní wé èkejì, á sì ṣírò wọn, láìdá ẹran tó ń lọ lórí ìkọ́ dúró. Èyí ni àǹfààní rẹ̀ gan-an. Àléébù tí àwọn tó ń tà á kì í yára sọ ni pé agbára méjì kò lè ya ju ohun méjì lọ sọ́tọ̀ lójú kan. Níbi tí eegun bá wà, bíi ìhà àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ̀rọ náà kò lè ya ọ̀rá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹran tó bo eegun. Ohun tó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló fi ń díwọ̀n. Nítorí náà, ẹ béèrè irú ẹran tí wọ́n fi ṣètò ìṣirò rẹ̀, nítorí èyí tí wọ́n fi àgùntàn ṣe kò ní bá màlúù mu.

CT kò ní ìṣòro yìí, torí pé ó ń yí ẹran ká, ó sì ń ya àwòrán rẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Lórí òṣùwọ̀n rẹ̀, òdo ni omi, ọ̀rá wà ní nǹkan bí 100 sísàlẹ̀ òdo, ẹran wà ní nǹkan bí 50 sókè rẹ̀, eegun sì ga jù wọ́n lọ fíìfíì. Àmọ́ ó lọ́ra, ó sì wọ́n. Ní tèmi, ohun tí a fi ń yẹ DEXA wò ni, kì í ṣe ohun tí a ń gbé sójú iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ká má tan ara wa, DEXA kò ní sọ bóyá ẹran yóò rọ̀ lẹ́nu. Ohun tó sì máa ń já oníbàárà láyà ni ìnáwó tó tẹ̀ lé e: yàrá tí a fi òjé bò kí ìtànṣán má baà kan òṣìṣẹ́, ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣàkóso ìtànṣán, àti ìbòrí tí omi gbígbóná tí a fi ń fọ ilé ìpẹran kò ní wọ̀. Láràárọ̀, a ó gbé búlọ́ọ̀kù oníke tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ gba iwájú ẹ̀rọ náà. Bí òǹkà rẹ̀ bá ti ń yẹ̀, ó lè jẹ́ pé túùbù X-ray ti ń gbó. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á kọ ọ́ sílẹ̀ iye wákàtí tí yóò fi dé bí túùbù bá kú nígbà tí ẹran wà lórí ìkọ́.