GIMP fún scrapbook fótò ẹyẹ àti ẹranko: bébà tẹ́ ẹ ń wá, inú fótò yín ló wà

Ẹni tó bá ń fọwọ́ ara ẹ̀ ya fótò ẹyẹ, labalábá, òdòdó àti ẹranko igbó, tó wá fẹ́ kó wọn jọ sínú scrapbook (ìwé tí wọ́n ń to fótò àti ọ̀rọ̀ ìrántí sí) orí kọ̀ǹpútà, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó máa ra bébà aláràbarà àti ohun ọ̀ṣọ́ kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bébà yẹn, àwọ̀ yẹn, ọ̀ṣọ́ yẹn, gbogbo ẹ̀ ti wà nínú fótò tó yà, sọ́ftúwíà tó máa bá a yọ ọ́ jáde ló kù. Èmi GIMP ni mò ń lò, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, ibi tó ti dáa àti ibi tó ti le.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, sọ́ftúwíà tí wọ́n fi ń tún fótò ṣe ni, ọ̀fẹ́ sì ni, ẹ ò ní san owó oṣooṣù, wọn ò sì ní fi àmì wọn lu ojú iṣẹ́ yín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní yunifásítì Berkeley, Spencer Kimball àti Peter Mattis, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọdún 1996 ló kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ aráyé, àtìgbà náà sì làwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ti ń tún un ṣe. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Èyí tí mò ń sọ níbí ni 3.0 tó jáde lóṣù kẹta ọdún 2025. Tó bá jẹ́ 2.10 ló ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ gba tuntun, màá sọ ìdí ẹ̀ tá a bá débẹ̀.

Ojú ewé ni ká kọ́kọ́ sọ. Mo máa ń ṣí fáìlì tuntun tó fẹ̀ ní 3600 píkísẹ́ẹ̀lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fótò) tó sì ga ní 3600, màá wá ṣí Advanced Options kí n rí i pé 300 píkísẹ́ẹ̀lì ló wà níbẹ̀ fún íńṣì kan. Ìyẹn máa fún yín ní ojú ewé íńṣì 12 sí 12, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tó ń ṣe scrapbook, tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lọ́jọ́ kan ó máa mọ́ kedere. Àwọn kan á ní orí fóònù ṣáá làwọn ti máa wò ó, kí ló kan àwọn pẹ̀lú 3600. Ẹ ṣáà ṣe é ní ńlá jàre, ńlá ṣeé sọ di kékeré, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ bá ti ṣe ní kékeré, tẹ́ ẹ bá fẹ̀ ẹ́ ó máa ṣú ni.

Bébà ìsàlẹ̀ wá ńkọ́? Ibí gan-an ni GIMP ti wọ̀ mí lára jù. Ká ní fótò lékeléke kan wà lọ́wọ́ yín, ó dúró sáàárín koríko, koríko tó wà lẹ́yìn ẹ̀ sì ti rí bàìbàì torí pé ara ẹyẹ ni kámẹ́rà kọjú mọ́. Ẹ gé lára ibi tó rí bàìbàì yẹn, ẹ fẹ̀ ẹ́ kó bo gbogbo ojú ewé, ẹ lọ síbi Filters, ẹ mú Gaussian Blur, ẹ wá máa fà á lọ títí dìgbà tí ẹni tó ń wò ó ò ní mọ̀ pé koríko ni mọ́, àwọ̀ nìkan ló máa ṣẹ́kù. Bébà ti dé nìyẹn! Ẹ ò sì lè ra bébà tó máa bá ẹyẹ yẹn mu tó bẹ́ẹ̀ láyé, torí ìmọ́lẹ̀ tó tàn sára ẹyẹ náà ló tàn sára koríko ẹ̀.

Ohun tó ń jẹ́ kí n máa ya èèpo igi, yanrìn etí omi àti òkúta nìyẹn, kódà lọ́jọ́ tí ẹranko kankan ò bá yọjú, torí mo mọ̀ pé wọ́n máa wúlò. Ewé lèmi fẹ́ràn jù. Ẹ gbé ewé kọjú sóòrùn kí gbogbo iṣan inú ẹ̀ hàn, ẹ yà á, ẹ sọ fótò náà di dúdú àti funfun nínú GIMP, tí iṣan yẹn bá mọ́lẹ̀ ju ara ewé lọ ẹ lọ sí Colors kẹ́ ẹ tẹ Invert, kó jẹ́ iṣan ló máa dúdú. Ẹ wá gbé e lé orí bébà bíi layer, ìyẹn ìpele fótò tó dá dúró lórí òmíì, ẹ yí mode layer náà sí Multiply, gbogbo ibi tó funfun á pòórá, iṣan ewé nìkan lá wà lójú bébà, tín-ín-rín tín-ín-rín, tó ń ya ẹ̀ka lọ sí gbogbo etí ewé. Kí ẹ dín opacity ẹ̀ (bó ṣe ki tó) kù o, kó má lọ gba ojú lọ́wọ́ ẹranko tó ni ojú ewé.

Ti àwọ̀ lẹ́tà náà ò le. Color Picker wà níbẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ nínú fótò ló máa mú àwọ̀ ẹ̀ fún yín, àmọ́ ẹ tẹ Sample average kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí iyẹ́ ẹyẹ kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo, píkísẹ́ẹ̀lì kan lè bọ́ sí ibi òjìji kó fún yín ní àwọ̀ eérú tí ẹ ò retí. Lékeléke tá a ní funfun ni yìí, tó bá di àsìkò tó fẹ́ yé ẹyin, orí ẹ̀, àyà ẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń ní pupa rúsúrúsú kan báyìí. Ẹ mú àwọ̀ yẹn kẹ́ ẹ fi kọ àkọlé, ẹ ó rí i pé ojú ewé yẹn ti dúró.

Ó wá kan iṣẹ́ gígé, ibẹ̀ sì ni mo rò pé sọ́ftúwíà fún scrapbook ti gbọ́dọ̀ fara hàn. Irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Foreground Select, ẹ máa fi fa ìlà yí ẹranko náà ká láì kan ara ẹ̀, ẹ tẹ Enter, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun ara ẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, òun fúnra ẹ̀ á wá ṣírò ibi tí ẹranko parí sí. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà lórí ẹ̀ka igi tí ojú ọ̀run mọ́ lẹ́yìn ẹ̀, kíá ló máa yọ ọ́. Alángbá lórí ilẹ̀ tó ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹ̀, ẹ má retí ìyanu, ọwọ́ lẹ máa fi ṣe é. Tí ìlà funfun kan bá ṣẹ́ kù yí ara ẹranko ká lẹ́yìn tẹ́ ẹ gé e, ẹ lọ síbi Select, ẹ mú Shrink, ẹ fi píkísẹ́ẹ̀lì kan dín in kù, ẹ fi Feather, tó ń mú etí ẹ̀ rọ̀, díẹ̀ lé e, ó máa lọ.

Ẹ má sì fi eraser pa nǹkan kan rẹ́ o. Layer Mask ni kẹ́ ẹ lò. Ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ da aṣọ bo nǹkan, ohun tẹ́ ẹ bò ò kúrò níbẹ̀, ẹ lè ṣí i nígbà tó bá wù yín: tẹ́ ẹ bá kun dúdú sórí mask ibẹ̀ á pamọ́, tẹ́ ẹ bá kun funfun á padà jáde, eérú á jẹ́ kó hàn díẹ̀. Ẹ wo labalábá. Foreground Select máa mú ìyẹ́ ẹ̀ dáadáa, ó máa mú ara ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwo tín-ín-rín méjì tó wà lórí ẹ̀ yẹn, ó sábà máa ń gé e dànù. Àwọn kan á fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí i, torí ìwo yẹn ṣe pàtàkì: ti labalábá máa ń wú díẹ̀ ní ṣóńṣó ẹ̀, ti ọ̀pọ̀ àfòpiná kì í rí bẹ́ẹ̀, òun làwọn tó mọ kòkòrò ń wò tí wọ́n bá fẹ́ mọ èwo ni wọ́n rí. Torí náà ẹ sún mọ́ ọn dé 400%, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí ò ju píkísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta lọ, ẹ kun funfun sórí mask, kẹ́ ẹ máa tọ ipa ìwo náà lọ láti orí títí dé ṣóńṣó, tọ́wọ́ bá yà ẹ tẹ X lórí keyboard, búrọ́ọ̀ṣì á di dúdú, ẹ pa ibẹ̀ mọ́, ẹ tún tẹ X, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ó ń gba sùúrù, àmọ́ tó bá parí, labalábá yẹn á wà lójú ewé pẹ̀lú gbogbo ara ẹ̀ pé.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ gba 3.0 ni òjìji. Ní 2.10, tẹ́ ẹ bá ti fi Drop Shadow sí nǹkan ó ti wọlé nìyẹn, tí ò bá wù yín mọ́ lọ́la ẹ máa tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ní 3.0, filter bíi Drop Shadow yìí máa ń dúró lọ́tọ̀, ẹ lè padà lọ ṣí i, kẹ́ ẹ yí ibi tí òjìji dojú kọ, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rọ̀ sí i, kẹ́ ẹ tiẹ̀ pa á kẹ́ ẹ wo bó ṣe rí láìsí i. Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: tí layer yín bá ti ní mask, mask yẹn máa bo òjìji náà mọ́lẹ̀, ẹ gbé layer ọ̀hún sínú Layer Group (àpò tó ń kó layer jọ) kẹ́ ẹ wá fi òjìji sí group. Ẹ tún wo ibi tí oòrùn ti wá nínú fótò. Tí ìmọ́lẹ̀ bá wá láti apá òsì, apá ọ̀tún ni òjìji gbọ́dọ̀ bọ́ sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú á kàn mọ̀ pé nǹkan kan ò tọ́, kódà tẹ́ni tó ń wò ó ò lè sọ ohun tó jẹ́.

Ká sọ òótọ́, ìbẹ̀rẹ̀ GIMP le. Irinṣẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀ bí nǹkan míì, kò sì sí ojú ewé tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀ tẹ́ ẹ kàn máa ju fótò sí. Ẹ lè rí template PSD gbà, ìyẹn ojú ewé tí ẹlòmíì ti ṣètò sínú fáìlì Photoshop, ó máa ń ṣí wọn pẹ̀lú layer wọn, ẹ ó wá fi Alpha to Selection mú ààlà àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì fi ṣe mask fún fótò yín, àmọ́ ìyẹn náà fẹ́ kọ́kọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Kò sì lè ṣí fótò RAW, èyí tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, fúnra ẹ̀, ẹ máa nílò darktable tàbí RawTherapee lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọ̀fẹ́ làwọn náà. Ẹni tó bá jẹ́ pé fóònù nìkan ló ní, kò sí èyí tí àwọn tó ń ṣe GIMP fúnra wọn ṣe fún fóònù, kó wá nǹkan míì. Ìkànnì kan wà témi náà ti lò rí tó ti ṣètò gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣe ló ń sọ fótò mi di kékeré kó tó gbà á wọlé, gbogbo ìlà wẹ́wẹ́ ara iyẹ́ ẹyẹ sì ti lọ. Mi ò lè fara mọ́ ìyẹn, torí ìlà wẹ́wẹ́ yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ dúró sínú oòrùn.

Fótò tó jìnnà ńkọ́, torí ẹranko igbó kì í dúró de èèyàn? Fótò lè jẹ́ 4000 sí 3000, kí ẹyẹ inú ẹ̀ má ju 900 píkísẹ́ẹ̀lì lọ. Tẹ́ ẹ bá pín 900 sí 300, íńṣì 3 ni, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi í sí. Ẹ má fẹ̀ ẹ́ tipátipá. Tó bá jẹ́ pé ẹ yà á léraléra bó ṣe ń fò, ẹ to mẹ́rin kéékèèké sórí ìlà kan, kí wọ́n rí i bó ṣe tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, bó ṣe na ìyẹ́, bó ṣe gbéra, bó ṣe ká ọrùn sẹ́yìn. Mo fẹ́ràn irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ ju èyí tí ẹyẹ kan ṣoṣo gbòòrò sí láàárín.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i o, ẹ má kàn to fótò. Ọjọ́ àti àkókò wà nínú fáìlì fótò náà, ẹ lọ síbi Image, Metadata, ẹ ó rí i níbẹ̀. Ohun tí ẹranko ń ṣe, ohun tó ń jẹ, ìró tẹ́ ẹ gbọ́, ẹ̀yin lẹ máa rántí ìyẹn. Tó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fi ń kọ ọ́, ọ̀pọ̀ fọ́ńtì ológe ni ò ní àmì abẹ́ lẹ́tà, tàbí kí àmì ohùn lọ dúró síbi tí ò yẹ. Noto Sans, Charis tàbí Gentium ò ní já yín kulẹ̀. Fọ́ńtì ológe ọ̀hún, ẹ fi sí ọdún àti déètì.

Nǹkan míì tí mo ka sí gidigidi ni ibi tẹ́ ẹ ti ya fótò. Fóònù sábà máa ń kọ ọ́ sínú fáìlì, tí fótò náà bá sì jẹ́ ti ìtẹ́ ẹyẹ tàbí ẹranko tó ti ń di àwátì, ẹni tó ń dọdẹ wọn tàbí tó ń tà wọ́n lè fi tọpasẹ̀ dé ibẹ̀. Ìkànnì iNaturalist, níbi táwọn èèyàn ti ń kọ ẹranko àti ewéko tí wọ́n rí sílẹ̀, máa ń fi ojúlówó ibi tí irú àwọn ẹranko bẹ́ẹ̀ wà pamọ́ fúnra ẹ̀. Nínú GIMP, nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe Export, ẹ yọ àmì kúrò níwájú Exif àti XMP, ibẹ̀ ni ibi tẹ́ ẹ ti ya fótò máa ń wà, ó tán. Ẹ má sì wá lọ kọ orúkọ odò yẹn gàdàgbà sójú ewé.

Save ò ní gbà ju XCF, irú fáìlì ti GIMP fúnra ẹ̀, lọ, ó máa ń bí àwọn kan nínú, èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. XCF ló ń tọ́jú gbogbo layer, gbogbo mask, gbogbo òjìji yín, JPEG á pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, á sì máa sọ díẹ̀ nù nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá tún un fi pamọ́. Labalábá tẹ́ ẹ gé yẹn, ẹ fi PNG yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ẹ̀yìn ẹ̀ lè ṣófo, ẹ tún lè lò ó lójú ewé míì. XCF máa ń wúwo, torí náà ẹ wá àyè fún un.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á, gimp.org ni kẹ́ ẹ lọ tààrà, ẹ má tẹ ìpolówó tó bá kọ́kọ́ yọ tẹ́ ẹ bá wá orúkọ ẹ̀, torí àwọn oníjìbìtì ti fi orúkọ GIMP gbé fáìrọ́ọ̀sì kiri rí.