Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin tíṣà ìṣirò: ohun ọ̀fẹ́ ni wọ́n tà fún mi ní ₦85,000

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, àmọ́ ìbínú mi ju ìtìjú náà lọ. ₦85,000! Mọ́mì tó ni iléèwé wa ló fi 60,000 lé mi lọ́wọ́, mo wá fi 25,000 kún un látinú owó oṣù tèmi.

Statistics la wà lórí ẹ̀ ní SS2. Ẹni tó bá ti fi ṣọ́ọ̀kì ya histogram àti ogive (àwọn àwòrán tá a fi ń ṣàfihàn nọ́ńbà) sára pátákó níwájú ọmọ méjìdínlógójì rí mọ ohun tí mò ń sọ: kó o tó fàlà tán, agogo ti lù. Ọkùnrin kan wá bá mi lórí WhatsApp, ó pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Ó ní òun ní sọ́fítíwíà tó ń ya gbogbo ẹ̀ fúnra rẹ̀. Láísẹ́ǹsì ẹ̀ jẹ́ 6,000 lórí kọ̀ǹpútà kan, méjìlá la ní, 13,000 tún fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ṣírò ẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó tún mu mínírà ìgò méjì lórí mi!

Ká má parọ́, ó ṣiṣẹ́. Mo ní kí àwọn ọmọ fi tépù wọn bí wọ́n ṣe ga tó, a tẹ nọ́ńbà wọn sínú ẹ̀, box plot, ìyẹn àwòrán àpótí tó ń fi bí nọ́ńbà ṣe tàn ká hàn, yọ sójú, median, ìyẹn nọ́ńbà àárín gan-an, wà láàárín, ọmọ kan tó ga bí ọ̀pẹ sì dá dúró lọ́hùn-ún gẹ́gẹ́ bí outlier, èyí tó jìnnà sáwọn yòókù. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Mo tiẹ̀ fi fọ́tò ẹ̀ sí status mi. Ọlọ́run mi ò!

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àpótí kékeré kan yọ sójú kọ̀ǹpútà: láísẹ́ǹsì yín ti tán, ẹ san 3,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ṣì ń pe olè náà níwájú kíláàsì nígbà tí ọmọbìnrin kan nawọ́: "Sà, irú ẹ̀ wà lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. GeoGebra ni wọ́n ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni, sà." Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tó yá, mo dáńlóòdù ẹ̀ sórí fóònù mi. Ojú kan náà! Bọ́tìnì kan náà! Orúkọ ìta àti àwòrán rẹ̀ ni olè yìí kàn pààrọ̀, ó wá fi àpótí ìwọ̀sí yẹn lé e lórí. GeoGebra tí Markus Hohenwarter bẹ̀rẹ̀ ní Salzburg ní 2001, tí àwọn tíṣà ń lò káàkiri ayé láìsan kọ́bọ̀, òun ni mo san 85,000 lé lórí!

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, pé tíṣà ìṣirò mà ni mí. Nígbà táwa wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ta ló fi sọ́fítíwíà kọ́ wa? Graph book àti rúlà ni. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù nìyí: èmi tí mò ń kọ́ ọmọ pé sample (ìwọ̀nba tá a mú ṣojú gbogbo) téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣà ò ṣeé gbára lé, voice note mẹ́ta táwọn kan ti ń yin ọjà ẹ̀, tí olè náà ṣà ránṣẹ́ sí mi, ni mo fi gbà á gbọ́. Bóyá òun fúnra ẹ̀ ló sọ méjì nínú ẹ̀. Òmùgọ̀ ni mí. Rárá o, èmi kọ́ lòmùgọ̀, òun lolè!

Ẹ gbọ́ kíákíá. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tẹ Help, kẹ́ ẹ wo About. Olè tèmi ò rántí pààrọ̀ orúkọ tó wà níbẹ̀. GeoGebra, Desmos àti CODAP, àwọn sọ́fítíwíà tó ń ya irú àwòrán yìí, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn fún kíláàsì, GeoGebra tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà tó bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Tí orúkọ àkáǹtì bá yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń tajà, ẹ sá. Olè tèmi ní àkáǹtì ìyàwó òun ni. Mo lọ sí báǹkì, ó ti pẹ́ jù, owó ti lọ.

Gbogbo àwọn tó ń tajà fún iléèwé, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tó ta projector fún wa lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ẹ ní mò ń sọ àsọjù? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Mọ́mì ò tíì gbọ́ o. Ẹni tó bá mọ iléèwé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbowó oṣù yìí ná.