Park Slope Food Coop ní Brooklyn, New York: owó ọjà dára, ṣùgbọ́n ta ló ń pinnu ọjà tí a ó yàn lódì?

Láti ọdún 1973 ni ilé ìtajà alájẹṣẹ́kù yìí ti wà ní Òpópónà Union, ẹni tí kì í bá sì ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kò lè ra nǹkan kan níbẹ̀. Dọ́là 25 ni owó ìwọlé. Dọ́là 100 ni owó ìpín, wọ́n á dá a padà fún ẹni tó bá kúrò. Iṣẹ́ ló wá kù: wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 45, ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ 6. Àwọn kan á máa gbowó, àwọn kan á máa to ọjà sórí pẹpẹ, àwọn mìíràn á wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń wọn wàràkàṣì àti èso gbígbẹ sínú ọ̀rá. Gbogbo àgbàlagbà tó ń gbé ilé kan náà ló gbọ́dọ̀ wọ ẹgbẹ́, kí ẹbí tí ilé wọn kún yáa ti ṣírò ìyẹn kí wọ́n tó lọ.

Ọmọ ẹgbẹ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí èrè tí wọ́n ń gbé lé ọjà kò fi pọ̀: ohun tí wọ́n bá rà ní dọ́là 4, nǹkan bíi dọ́là 5 ni wọ́n ń tà á. Ẹ̀fọ́ wọn kì í pẹ́ lórí àtẹ. Ní ti oúnjẹ àti owó, a ò rí wọn bá wí.

Ọ̀rọ̀ yíyan ọjà lódì ni wàhálà wọn. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Wọ́n yan èso Gúúsù Áfíríkà lódì nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n yan èso àjàrà Chile lódì nígbà ìjọba ológun Pinochet, wọ́n sì kọ Coca-Cola nítorí ẹ̀sùn ìyà àwọn òṣìṣẹ́ ní Colombia. Ìkankan nínú wọn kò dá ìjà sílẹ̀ tó ti Ísírẹ́lì. Àwọn tó fẹ́ ẹ ní bí ayé ṣe fún ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà lọ́rùn nìyẹn, àti pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Palẹsitínì kò gbọ́dọ̀ wà lórí owó àwọn. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ní yóò sọ àwọn Júù inú ẹgbẹ́ di àlejò nílé ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ní 2012, ọjà Ísírẹ́lì tó wà lórí pẹpẹ kò ju nǹkan bíi mẹ́fà lọ, ata paprika wà lára wọn.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún yẹn, wọ́n ṣèpàdé ní Brooklyn Technical High School. Ohun tí wọ́n dìbò lé kì í ṣe ọjà gan-an. Ṣé kí wọ́n ṣètò ìbò fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lórí rẹ̀ ni ìbéèrè. Ẹni 1,005 ní rárá, 653 ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ẹgbẹ́ sì ju 15,000 lọ nígbà náà! Nǹkan bí ẹni kan nínú mẹ́wàá ló jókòó pinnu pé kí wọ́n má bi àwọn mẹ́sàn-án yòókù léèrè. Ibẹ̀ la ti ń bá wọn wí, ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni tó wù kí a wà. Ní 2016, wọ́n tún gbé iye ìbò tí wọ́n nílò láti yan ọjà lódì ga sí ìdá 75 nínú 100: nínú olùdìbò 100, ẹni 26 lè dá 74 dúró.

Ti Olympia Food Co-op, ilé ìtajà alájẹṣẹ́kù mìíràn ní ìpínlẹ̀ Washington, burú lọ́nà tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ olùdarí ló dá ìpinnu láti yan ọjà Ísírẹ́lì lódì ṣe ní oṣù keje 2010, láìkọ́kọ́ gba ìbò ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn kan gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní 2011, ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní ìpínlẹ̀ náà, ọdún 2018 ni wọ́n tó da ẹjọ́ ọ̀hún nù.

Ohun tí a fẹ́ kí Park Slope ṣe: kí wọ́n fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sílé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n kọ orúkọ ọjà kọ̀ọ̀kan sí i, kí wọ́n sì kọ ohun tó máa fòpin sí yíyàn lódì náà. Kí wọ́n tún lẹ orúkọ orílẹ̀-èdè tí ọjà ti wá mọ́ iwájú pẹpẹ, pàápàá àwọn èso gbígbẹ tí wọ́n ń tú sínú ọ̀rá, torí ara páálí ni orúkọ ìlú máa ń wà, páálí ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ jù nù. Kí oníbàárà má gbẹ́kẹ̀ lé 729, nọ́ńbà Ísírẹ́lì, tó bẹ̀rẹ̀ bákóòdù: ibi tí iléeṣẹ́ ti forúkọ sílẹ̀ ló ń sọ, kì í ṣe ibi tí oúnjẹ ti hù. Dàbínù Ísírẹ́lì tí iléeṣẹ́ Netherlands bá tún dì lè gbé 87, nọ́ńbà Netherlands. Ẹ wo ibi tí wọ́n bá kọ “Product of” sí.