Ibi tí mo ti ń gba oògùn HIV ní Ìlọrin
Láti Ọ̀fà ni mo ti ń wá sí ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìlọrin gba oògùn HIV lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí n kò fẹ́ kí ará àdúgbò rí mi lórí ìjókòó àwọn tó ń dúró gbà á. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í pè é ní àrùn kògbóògùn, orúkọ tó ń parọ́ mọ́ oògùn tí mò ń lò lójoojúmọ́. Wọ́n sì fi sùúrù ṣàlàyé fún ọkọ mi pé bí oògùn bá ti ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò débi pé àyẹ̀wò kò rí i mọ́, n kò lè kó o ràn án nípasẹ̀ ìbálòpọ̀. Àbùkù wọn ni pátákó gàdàgbà ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ HIV sí, èyí tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ń kà: nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń fi ìborùn bojú kí n tó wọlé.