Ẹ má sanwó fún ẹni tó di okùn mú: ìkìlọ̀ fún àwọn tó ń ra ẹran ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ̀yin ará wa tó ń múra àtira àgbò Iléyá, ẹ̀yin régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, tó ń dá owó màlúù jọ de ọdún Ojúde Ọba, àti ẹnikẹ́ni tó ní òkú àgbà tàbí ìgbéyàwó lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó gbé owó jáde nílé. Àwọn oníjìbìtì kan ti sọ ẹnu ọ̀nà ọjà ẹran di ibi ìjẹ. Wọn kì í wọ inú ọjà gan-an. Ibi tí ọkọ̀ ti ń já èrò ni wọ́n ń dúró sí, pẹ̀lú àgbò méjì tàbí mẹ́ta lórí okùn. Ẹran tí wọ́n ń tà lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi omi wú, ó lè jẹ́ èyí tí àìsàn ti ń pa lọ, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n jí gbé lábúlé. Ohun kan ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ẹni tó di okùn mú kọ́ ló ni ín, ẹ ò sì ní rí i mọ́ lọ́la.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ dé, ọkùnrin kan di okùn mú, ẹlòmíràn sì ti ń ná àgbò náà lójú méjèèjì. Ẹ gbọ́ tó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba 350,000, ẹ ṣàánú mi.” Olókùn ní rárá, 420,000 ni jálẹ̀. Ẹni tó ń ná á lọ síwájú díẹ̀, á tún padà wá, á fi 20,000 lé e. Ó ti di gbàǹjo nìyẹn, ẹ̀yin náà á sì fẹ́ borí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni. Ẹ dákẹ́, ẹ má ná rárá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó rí i pé kò ní rà á, kò sì ní lọ. Oníbàárà gidi tí olówó ẹran kò gbà fún máa ń kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni. Ẹnì kẹta múra bí àáfà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ pé ẹran náà pé fún Iléyá. Ẹnì kẹrin ní ọkọ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá, òun ló ń pariwo pé òun fẹ́ máa lọ, kí ẹ lè kánjú. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn jù, nígbà tí ojú kò ríran dáadáa mọ́.

Ẹ̀tàn tó ń jẹ owó èèyàn jù ni àgbò olómi. Láti alẹ́ ni wọ́n ti ń po iyọ̀ mọ́ èérí àgbàdo tàbí èèpo ẹ̀wà fún un jẹ, wọn ò sì ní fún un lómi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, wọ́n á gbé báàfù omi síwájú rẹ̀. Òǹgbẹ ti gbẹ ẹ́ débi pé lítà márùn-ún lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan. Ikùn á yọ, ẹni tó ń fi ojú wọn ẹran á ní ó sanra. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti tọ̀ ọ́ dànù, ẹ̀gbẹ́ á sì wọnú. Èyí tó tún burú ni pé iyọ̀ àjẹjù, lẹ́yìn náà omi àmujù lójijì, lè mú kí ọpọlọ ẹran wú. Á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò ní ríran mọ́, á máa fi orí gbá ògiri, gìrì á mú un, á sì kú. Ẹni tó rà á á wá máa rò pé ayé ló ṣe é.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ fi ikùn sílẹ̀, ẹ̀yìn ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Ẹ tẹ ìka mẹ́rin mọ́ eegun ẹ̀yìn, níbi tó wà láàárín eegun ìhà tó kẹ́yìn àti ìbàdí. Lára ẹran tó sanra lóòótọ́, ẹ ó kan ẹran kí ẹ tó kan eegun. Bí eegun bá mú ṣóńṣó lábẹ́ ìka bí eyín ayùn, tí ikùn sì rí bàmù, omi ni ẹ fẹ́ rà. Lẹ́yìn náà, ẹ di ìkúùkù, kí ẹ fi tẹ kòtò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Bó bá jẹ́ oúnjẹ ló wà níbẹ̀, ọwọ́ yín á rì wọlé díẹ̀, ojú ibẹ̀ kò sì ní tètè padà. Ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀: láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ó gbọ́ tí inú rẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, àmì ìlera nìyẹn. Omi ní tirẹ̀ á máa dún gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀, á sì ti ọwọ́ yín padà. Olókùn tó bá ń fa ẹran sẹ́yìn nígbà tí ẹ fẹ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ òsì ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Ẹ mú téèpù télọ̀ dání. Ojú ni wọ́n fi ń wọn ẹran ní ọjà wa, ojú sì ni wọ́n ń tàn. Ẹ wọn àyà ẹran yíká, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú gan-an, kí ẹ fa téèpù náà mọ́ra kí irun má bàa kún un. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká dé eegun ìdí. Sẹ̀ǹtímítà ni kí ẹ lò. Ẹ sọ iye àyà di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá pín in sí 10,840. Ká ní àyà jẹ́ 80, gígùn sì jẹ́ 70: 80 lọ́nà 80 jẹ́ 6,400, lọ́nà 70 jẹ́ 448,000, tí a bá pín in, ó jẹ́ kílò 41 àti díẹ̀. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀, tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ló máa kù tí ẹ bá yọ orí, awọ, ẹsẹ̀ àti ìfun kúrò. Ìṣirò yìí kan náà ṣiṣẹ́ fún màlúù. Kì í ṣe òṣùwọ̀n tó pé pérépéré, àmọ́ àyà kì í wú bí ikùn, nítorí náà ó ṣòro láti fi omi tan téèpù jẹ. Tí ẹ bá wọn ẹran mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ọjà, tí ẹ sì pín iye tí wọ́n ń pè é sí iye kílò, ẹ ó mọ ẹni tó ń pe owó gidi àti ẹni tó ń pe owó orí ìwo.

Ọ̀rọ̀ ìwo náà ń kọ́? Wọ́n máa ń fi gúlúù lẹ èyí tó kán, wọ́n á sì fi pólíìṣì bàtà pa ojú ibẹ̀ rẹ́. Ẹ di ìdí ìwo mú, kí ẹ rọra yí i, kí ẹ sì fi áńkíṣíìfù tútù nù ún.

Ẹ la ẹnu rẹ̀ wò. Àgùntàn, ewúrẹ́ àti màlúù kì í ní eyín iwájú lókè, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn yà yín lẹ́nu. Mẹ́jọ ló máa ń wà nísàlẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá kéré, àgùntàn náà kò tíì pé ọdún kan tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé e. Méjì ńlá láàárín: ó ti lé ní ọdún kan. Mẹ́rin ńlá: nǹkan bí ọdún méjì. Mẹ́jọ ńlá: ó ti tó ọdún mẹ́rin. Eyín tó ti kán tàbí tó ti jẹ wọlé: arúgbó ni, kì í ṣe “ọmọ ọdún méjì” tí wọ́n ń pè é. Ní ti Iléyá, àgùntàn kò gbọ́dọ̀ dín ní oṣù mẹ́fà, kó sì ti dàgbà dáadáa, ewúrẹ́ ọdún kan, màlúù ọdún méjì. Èyí tó fọ́jú, èyí tó ń tiro, èyí tí àìsàn rẹ̀ hàn gbangba àti èyí tó gbẹ kan eegun kò yẹ. Ẹ bi àáfà tẹ̀yin fúnra yín, ẹ má bi èyí tó ń dúró sídìí okùn.

Àìsàn ló ń dùn wá jù nínú gbogbo rẹ̀, torí pé ẹran kan ṣoṣo lè pa odidi agbo run. Kata, àrùn ewúrẹ́ àti àgùntàn, ni olórí wọn. Imú á kọ́kọ́ máa ṣomi, á wá di ikun tó ki, ojú á kún fún ipin, egbò á yọ sí inú ètè àti erìgì, ẹnu á máa rùn, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn ìyẹn. Kó tó hàn jáde, ó lè ti wà lára ẹran fún ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà. Iléyá 2025 bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, ó sì ń fà sẹ́yìn ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún, ìyẹn ni pé inú òjò ni ẹran ń dé báyìí, lẹ́yìn tí wọ́n ti há mọ́ra nínú tírélà láti Òkè Ọya. Àárẹ̀, òtútù àti ìhámọ́ra yìí ló ń jẹ́ kí àrùn ràn.

Oníjìbìtì mọ èyí. Á nu imú rẹ̀ mọ́, á fọ ìdí rẹ̀, á sì gún un lábẹ́rẹ́ dexamethasone. Abẹ́rẹ́ yìí máa ń bo ibà mọ́lẹ̀, ẹran tó ti sorí kọ́ á dìde, á jẹun fún ọjọ́ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà á wó lulẹ̀. Bó bá jẹ́ aboyún, oyún lè wálẹ̀. Àwọn mìíràn ń gún un ní oxytetracycline, oògùn apakòkòrò, irú èyí tó ń pẹ́ lára. Lára páálí ọ̀pọ̀ nínú irú abẹ́rẹ́ yìí, wọ́n kọ ọ́ pé ó tó ọjọ́ 28 kí wọ́n tó lè pa ẹran náà jẹ, ẹ̀yin sì fẹ́ pa á lọ́tùn-únla. Ẹ fọwọ́ ra ọrùn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹ wá ibi tó wú tàbí tó ń dùn ún. Ẹ yí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta, ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ gbé ìrù rẹ̀ sókè. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀: ó yẹ kó pọ́n, bó bá funfun, aràn ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, pàápàá tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bá tún wú fún omi. Ẹ fún un ní ewé ìyeyè díẹ̀, kí ẹ sì dúró wò ó títí á fi dùbúlẹ̀ jẹ àpọ̀jẹ. Ẹran tí kò jẹ àpọ̀jẹ, ẹ fi sílẹ̀, ì báà jẹ́ ìdajì owó ni wọ́n pè é.

Ẹ̀yin tó ń rà láti sìn, ẹ dá ẹran tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí dókítà ẹran sì fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kata kó tó dara pọ̀ mọ́ agbo. Àgbò gíga láti Òkè Ọya, bíi Balami àti Uda, kì í fara da eṣinṣin tsetse inú igbó wa bí àgùntàn kúkurú ilẹ̀ wa ṣe ń fara dà á. Tí wọ́n bá sì ní abo kan lóyún tàbí pé ó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, ẹ má wo ikùn nìkan. Wọ́n lè fi ọmú sílẹ̀ láìfún fún ọjọ́ kan kó lè wú, wọ́n sì lè so ọmọ ẹran ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ọmọ tó bá jẹ́ tirẹ̀ á wọ abẹ́ rẹ̀ mu ọmú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tì í, ìyá kò sì ní ta á nípàá.

Ewúrẹ́ tó ń rìn kiri ní abúlé wa ni wọ́n ń jù sínú búùtù ọkọ̀ lóru. Bí iye tí wọ́n pè é bá lọ sílẹ̀ ju ti gbogbo ọjà lọ, ẹ wo etí rẹ̀ bóyá wọ́n gé e láti fi sàmì, ẹ sì wo ọrùn rẹ̀ bóyá ojú okùn tàbí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já wà níbẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá bá ẹran olè ni ọlọ́pàá á kọ́kọ́ dì mú.

Ti orí WhatsApp àti Facebook kò gùn. Ẹni tó bá ní kí ẹ san àsansílẹ̀ àti owó mọ́tò kí ẹ tó rí ẹran, ẹ ní kó ṣe fídíò ẹran náà lójú ẹsẹ̀, kó fi ọwọ́ la ẹnu rẹ̀, kó sì pe orúkọ yín nínú fídíò. Fọ́tò tí wọ́n jí kò lè ṣe ìyẹn. Ẹni tó ń ta ìpín màlúù Iléyá, ẹni méje ni ó pọ̀ jù lórí màlúù kan. Ẹ bèèrè orúkọ àwọn mẹ́fà yòókù àti nọ́ńbà wọn.

Ọ̀nà tó tọ́ kò le. Ẹ wọ inú ọjà ní òwúrọ̀. Alárinà tí wọ́n ń pè ní dìláálì kì í ṣe olè, iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí owó alárinà, àmọ́ ẹ ní kó mú yín dé ọ̀dọ̀ olówó ẹran, kí olówó ẹran fi ẹnu ara rẹ̀ pe iye tó fẹ́ gbà. Ẹ sanwó níwájú olórí ọjà tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì gbọ́dọ̀ bá orúkọ olówó ẹran mu. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àwọ̀ ẹran àti àmì ara rẹ̀. Kí ẹ tó yí ẹ̀yìn padà láti ka owó tàbí láti wá ọkọ̀, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí pátákò rẹ̀, ẹ ya fọ́tò ojú àti ìwo rẹ̀, kí ẹnì kan nínú yín sì dúró tì í. Ibi tí ẹ ti ń wá ọkọ̀ ni wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹran.

Bí wọ́n bá ti lù yín ní jìbìtì, ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀ kí owó tó kúrò nínú àkáǹtì tí ẹ san án sí, kí ẹ sì gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe sanwó. Ẹran tó bá kú, ẹ má kun ún kí ẹ tà á, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ pe dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ yín kó wò ó, kí ẹ sì rì í jìn kí ajá má bàa hú u. Ẹ kọ ìrísí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ wọn, kí ẹ gbé e fún olórí ọjà kí ọjọ́ ọjà mìíràn tó pé.